Rẹ́jísítà Ẹnu Ọ̀nà Ilé Ìkàwé

Eyín ló gbà mí là níbi iṣẹ́ mi àkọ́kọ́. N kò sọ ọ́ láti fi pa ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín. Ilé ẹ̀kọ́ gíga kan ni, ní ìlú tó jìnnà sí Rẹ́mọ, ilé ìkàwé rẹ̀ ni mo sì ti ń ṣiṣẹ́. Ní ọjọ́ kan, àwọn olùtọ́jú ìwé ibẹ̀ ṣe ìpàdé lábẹ́ igi máńgòrò láti bèèrè pé kí àwọn aláṣẹ máa kà wọ́n mọ́ àwọn olùkọ́. Kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n gbé bébà kan kiri kí gbogbo ẹni tó wá kọ orúkọ rẹ̀ sí i. Olùtọ́jú ìwé kì í ṣe ohunkóhun láìkọ ọ́ sílẹ̀. Èmi kò lọ, nítorí pé eyín ń dùn mí, mo wà lọ́dọ̀ dókítà eléyín. Bébà yẹn dé orí tábìlì ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ náà lọ́jọ́ kejì. Kí oṣù tó parí, gbogbo orúkọ tó wà lórí rẹ̀ ti gba lẹ́tà pé iṣẹ́ ti tán. Bí wọ́n ṣe tò wọ́n sórí bébà ni wọ́n ṣe tò wọ́n sórí pátákó ìkéde. Wọn ò tilẹ̀ ṣe wàhálà àtitún un kọ.

Mo ti yọ eyín náà. Nígbà mìíràn mo máa ń rò pé ó yẹ kí n fi í sílẹ̀ sẹ́nu.

Nígbà tí mo rí iṣẹ́ sí ilé ìkàwé yunifásítì kan ní ilẹ̀ Rẹ́mọ níbí, mo ti lé lógójì ọdún. Mo ní dípúlómà, mo sì ti fi òpin ọ̀sẹ̀ kàwé títí mo fi gba dìgírì kan lé e. Ará Òfin ní Ṣàgámù ni ọkọ mi, ṣùgbọ́n Simawa ni à ń gbé, nítorí ibẹ̀ la ti rí ilẹ̀ rà. Yàrá ìwé ìpamọ́ ni wọ́n fi mí sí. Bébà èyíkéyìí tí yunifásítì bá ti lò tán, ọ̀dọ̀ mi ló ń bọ̀: ìwé ìdánwò àtijọ́, àkọsílẹ̀ ìpàdé, ìwé ìpolongo, rẹ́jísítà tó ti kún. Èmi á bu òǹtẹ̀ lù ú, èmi á fún un ní nọ́ńbà, èmi á kọ káàdì rẹ̀, èmi á sì gbé e sí ààyè rẹ̀. Iṣẹ́ tó dákẹ́ ni. Mo fẹ́ràn rẹ̀ nítorí pé kò sẹ́ni tó ń bínú sí ẹni tó ń tọ́jú ohun tí wọ́n ti lò tán.

Àwa olùtọ́jú ìwé jẹ́ mẹ́rin. Ọ̀gá wa jẹ́ àgbàlagbà láti Ìpẹ̀rú, alàgbà ní ṣọ́ọ̀ṣì, tó máa ń sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń ka ẹ̀kọ́ kejì lọ́jọ́ Ìsinmi. Ọkùnrin kan ló wà nídìí kátálọ́ọ̀gù, ìyẹn àkọsílẹ̀ gbogbo ìwé tí a ní àti ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà. Obìnrin kan ló ń bójú tó àwọn jọ́nà, ìyẹn àwọn ìwé tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń kọ ìwádìí wọn sí. Mo fi ọdún púpọ̀ jù ú lọ, ó sì ń pè mí ní ẹ̀gbọ́n, ṣùgbọ́n ipò rẹ̀ ju tèmi lọ, nítorí náà ọ̀gá lèmi náà ń pè é. Kò sẹ́ni tó rí i bí nǹkan kan láàárín wa. Nínú ìtàn yìí, àbúrò ni n ó máa pè é.

Ohun tó wà nílẹ̀ ni kọnfamẹ́ṣọ̀n. Ẹni tí yunifásítì bá gbà síṣẹ́, wọ́n á kọ́kọ́ máa wò ó fún ọdún mélòó kan. Títí lẹ́tà kọnfamẹ́ṣọ̀n yóò fi dé, wọ́n lè fún un ní oṣù kan péré pé kó máa lọ. Bí lẹ́tà náà bá ti dé, ó di ọjọ́ tó bá fẹ̀yìn tì. Ọ̀gá ti gba tirẹ̀ tipẹ́. Fáìlì àwa mẹ́ta yòókù wà nílẹ̀ lọ́fíìsì akọ̀wé àgbà yunifásítì, wọn ò lè ṣe é, nítorí wọn ò mọ inú dúrọ́ọ̀ wo ni kí wọ́n fi wá sí. Bí a bá jẹ́ akadẹ́míìkì bí àwọn olùkọ́, iye ìwádìí tí a ti kọ ni wọ́n máa wò. Bí a bá jẹ́ òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì, ìwà wa àti wíwá síbi iṣẹ́ ni wọ́n máa wò. Ọ̀rọ̀ náà ti wà bẹ́ẹ̀ kí n tó dé.

Olúkúlùkù ló ní ojú tó fi ń wò ó. Ọ̀gá gbà pé ẹni tó mọ ibi tí ìmọ̀ wà, olùkọ́ lòun náà. Ọkùnrin kátálọ́ọ̀gù kò fẹ́ gbọ́ nípa kíkọ ìwádìí rárá. Ó ní ìwé ẹlòmíràn lòun wá tò, òun ò wá kọ tòun, ṣùgbọ́n òun fẹ́ ìsinmi gígùn tí àwọn olùkọ́ ń lọ, òun sì fẹ́ kí wọ́n jẹ́ kóun wọ gáùn lọ́jọ́ ìkẹ́kọ̀ọ́yege, nítorí pé ìyá òun máa ń bèèrè. Ti àbúrò ló jinlẹ̀ jù. Ó ní òun ló ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun bí wọ́n ṣe ń wá ìwádìí, odidi sáà ẹ̀kọ́ kan, pẹ̀lú ìdánwò. Bí wọ́n bá wá pàdé olùkọ́ wọn lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á dọ̀bálẹ̀. Bí wọ́n bá rí òun, wọ́n á bi òun pé níbo ni ilé ìtọ̀ wà. Ó ní ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti owó. Ó ní òun kàn ń fẹ́ kí wọ́n mọ ohun tóun ń ṣe ni.

Bí wọ́n bá bi èmi, mo máa ń sọ pé òtítọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ gbogbo wọn. Èsì tí mo ń fún gbogbo ènìyàn nìyẹn lórí ohun gbogbo, kò sì tíì pa mí lára.

Àbúrò ló mú mi kọ ìwádìí kan ṣoṣo tí mo ní. Mo ti ṣàkíyèsí pé bí ìdánwò bá ku díẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń fi ìwé pamọ́ kí ẹlòmíràn má baà rí i yá. Wọ́n á ti ìwé òfin bọ àárín ìwé adìyẹ sísìn. Wọ́n á fi ìwé oògùn sẹ́yìn Bíbélì. Wọn kò jí i, inú ilé ìkàwé ló ṣì wà, ṣùgbọ́n ìwé tí kò sí ní ààyè rẹ̀, ó ti sọnù. Fún odidi ọdún kan ni mo fi ń kọ ibi tí mo ti ń rí wọn sílẹ̀. Àbúrò kà á, ó tún gbólóhùn tó wọ́ ṣe, ó fi í ránṣẹ́ sí jọ́nà kan, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde. Ó ra bisikíìtì àti mínírà fún gbogbo wa lọ́jọ́ náà. Ìwé kan ṣoṣo tí orúkọ mi ti wà lórí rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni ìwé ìgbéyàwó.

Nígbà tó yá, bí sáà ẹ̀kọ́ kan ti ń bẹ̀rẹ̀, lẹ́tà dé pé wọ́n ti yan ìgbìmọ̀ kan tí yóò parí ọ̀rọ̀ wa. Wọ́n á jókòó ní òpin sáà ẹ̀kọ́. Ọ̀gá pè wá sí ọ́fíìsì rẹ̀. Ohun àkọ́kọ́ tí mo wò ni bóyá wọ́n ń gbé bébà kiri. Wọn ò gbé e. Ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀.

Àbúrò ló mú àbá wá. Rẹ́jísítà kan wà lórí tábìlì ẹnu ọ̀nà tí àwa olùtọ́jú ìwé máa ń buwọ́ lù tí a bá dé láàárọ̀ àti tí a bá ń lọ nírọ̀lẹ́. Ti àwọn tó ń gbálẹ̀ àti àwọn tó ń to ìwé wà lọ́tọ̀ lẹ́yìn. Àbúrò ní kò sí olùkọ́ kan nínú yunifásítì náà tó ń buwọ́ lu irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ó ní bí àwa bá ń buwọ́ lù ú, ọwọ́ ara wa la fi ń sọ ohun tí a jẹ́. "Láti ọjọ́ Ajé," ó wí, "kí ẹnikẹ́ni má buwọ́ lù ú mọ́. Kí ìgbìmọ̀ wá bá a ní òfìfo." Ọ̀gá ronú fún ìgbà pípẹ́, ó gbà. Ọkùnrin kátálọ́ọ̀gù ti gbà kí àbúrò tó sọ̀rọ̀ tán. Wọ́n wojú mi. Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Mi ò parọ́. Lásìkò náà, mo gbà.

Ọkọ̀ tí mo ń wọ̀ láti Simawa kì í dúró de ẹnikẹ́ni bí aago mẹ́fà ààbọ̀ bá ti lù, nítorí náà èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ dé ibi iṣẹ́, lẹ́yìn bàbá ẹnu ọ̀nà. Bàbá yìí ló ń yẹ báàgì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wò bí wọ́n bá ń jáde. Ará Òfin lòun náà bíi ti ọkọ mi, nítorí náà ìyàwó ló ń pè mí.

"Ìyàwó, ètirí?" ló wí láàárọ̀ ọjọ́ Ajé náà, bí àwọn àgbà Rẹ́mọ ṣe ń bèèrè pé báwo ni. Ó ti ṣí rẹ́jísítà sílẹ̀. Ó ti fi rúlà fa ìlà fún ọjọ́ tuntun, ó sì ti gbé bírò lé e. "Wọ́n ní ẹ ti di olùkọ́. Ṣé kí n gbé e kúrò nílẹ̀ ni?"

Mo ní kó fi í sílẹ̀ ná. Mo wo ojú ọ̀nà, kò sí ẹnì kankan. Mo rò ó báyìí: bí ìgbìmọ̀ bá ní akadẹ́míìkì ni wá, ta ni yóò tún wo rẹ́jísítà? Bí wọ́n bá ní a kì í ṣe akadẹ́míìkì, wọ́n á wá ẹni tí kò wá síbi iṣẹ́. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti lé ènìyàn nítorí pé ó wá sí ìpàdé. N kò tíì rí ibi tí wọ́n ti lé ènìyàn nítorí pé ó wá sí ibi iṣẹ́. Mo buwọ́ lù ú. Mo kọ orúkọ mi ní kékeré, bí ẹni pé bí orúkọ bá ti kéré, ọ̀rọ̀ náà á kéré.

Bàbá wo orúkọ náà, ó wá wò mí. "Ìyàwó," ó wí, "òótọ́ ni pé ẹsẹ̀ méjì ni Ọlọ́run fún ọ. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ kan náà ni wọ́n jọ ń wọ̀."

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó ti rẹ́jísítà náà bọ inú dúrọ́ọ̀. Ó tì í bọ̀ ọ́. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń ṣe é lójoojúmọ́. Nítorí pé ti ìrọ̀lẹ́ náà wà níbẹ̀, mo ní láti dúró títí gbogbo wọn á fi lọ. Àwọn yòókù ò tilẹ̀ wo tábìlì náà mọ́. Àbúrò máa ń gbójú sókè bó bá ń kọjá níbẹ̀, bí obìnrin tó ń kọjá níwájú ilé ọkọ tó ti kọ̀ sílẹ̀. Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn.

Ohun tí n kò rò tẹ́lẹ̀ ni pé wọ́n á máa yìn mí. Àbúrò rí i pé èmi ni mo ń kẹ́yìn kúrò lójoojúmọ́, ó ní nínú gbogbo wa, èmi gan-an ni mo ń ṣe bí ọ̀mọ̀wé. Ó rò pé ìwé ni mo ń dúró kà. Ó yá mi ìwé mẹ́ta lórí bí a ṣe ń ṣe ìwádìí, ó ní kí n múra sí ìwádìí kejì. Mo gbà wọ́n. Nígbà tó jẹ́ pé mo ní láti dúró náà, mo kà wọ́n.

Nígbà tí sáà ẹ̀kọ́ ku ọ̀sẹ̀ kan kó parí, bàbá gbé rẹ́jísítà náà wá bá mi ní yàrá ìwé ìpamọ́. "Ìyàwó, ó ti kún," ó wí, ó sì yára jáde, bí ẹni tó gbé ọmọ ọlọ́mọ fún ọlọ́mọ.

Mo ṣí i. Iwájú rẹ̀, orúkọ mẹ́rin mẹ́rin. Láti ìdajì dé ìparí, orúkọ mi nìkan láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mo ti ilẹ̀kùn. Ẹ̀yìn ilé ìkàwé ni a ti ń sun pàǹtí, iná sì wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Mo lè gbé e lọ síbẹ̀. Bí n kò bá lè sun ún, mo lè tì í sẹ́yìn ìwé adìyẹ sísìn. Kò sẹ́ni tó mọ̀ jù mí lọ bí wọ́n ṣe ń fi ìwé pamọ́, mo ti kọ ìwádìí lé e lórí. Mo mú rẹ́jísítà dání, mo sì dìde.

Ohun tí mo ṣe, n kò mọ bí mo ṣe lè ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹni tí kì í ṣe olùtọ́jú ìwé. Mo padà jókòó. Mo bu òǹtẹ̀ lù ú. Mo fún un ní nọ́ńbà. Mo kọ káàdì rẹ̀: rẹ́jísítà àwọn olùtọ́jú ìwé, ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ tó parí. Mo gbé e sí ààyè rẹ̀ láàárín àwọn rẹ́jísítà yòókù, mo sì gbé káàdì lọ bá ọkùnrin kátálọ́ọ̀gù, ó tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà láìgbójú sókè.

Ìgbìmọ̀ jókòó ní yàrá ìkàwé òkè lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ènìyàn mẹ́ta ni wọ́n. Alága wọn jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n nípa iṣẹ́ àgbẹ̀, bàbá onísùúrù tó ń fi aṣọ nu awò ojú rẹ̀ ṣáá. Ọ̀gá sọ̀rọ̀, ó dára. Àbúrò sọ̀rọ̀, ó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo rí i tí alága dá aṣọ dúró lójú awò. Nígbà tó parí, alága ní òun ti gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n ẹnu lásán nìyẹn. Ṣé ohun kan wà tí wọ́n lè fi han òun pé àwọn fúnra wọn ti gbà pé akadẹ́míìkì làwọn?

Àbúrò rẹ́rìn-ín. Ó ti ń retí rẹ̀. Ó ní láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà yìí, kò sí olùtọ́jú ìwé kan tó buwọ́ lu rẹ́jísítà, kò sì sí iṣẹ́ kan tó fà sẹ́yìn. Ó ní kí wọ́n lọ mú un wá kí ìgbìmọ̀ fojú ara wọn rí i. Ọkùnrin kátálọ́ọ̀gù tẹ kọ̀ǹpútà lẹ́ẹ̀mejì, ó kọ nọ́ńbà kan sọ́wọ́, ó sọ̀ kalẹ̀. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́ta tó fi dé, ó gbé e síwájú alága pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.

"Kò sí ohun tí a kì í rí níbí, sà," ó wí.

Alága ṣí i. Ó ṣí ojú ìwé kejì. Ó lọ sí ẹ̀yìn pátápátá, ó tún padà sí àárín.

"Ẹnì kan ṣì wà nínú rẹ̀," ó wí, ó sì ka orúkọ mi. "Ta ni?"

Mo na ọwọ́ sókè bí ọmọ iléèwé.

"Ẹ̀yin lẹ ń buwọ́ lù ú lójoojúmọ́, mà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́. Ẹ ò tilẹ̀ pa ọjọ́ kan jẹ?"

"Ọjọ́ kan, sà. Eyín ń dùn mí."

Eyín mìíràn ni. N kò ṣàlàyé ìyẹn. Alága kọ nǹkan sílẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo wa. Ọ̀gá ń wo fèrèsé. Ọkùnrin kátálọ́ọ̀gù ń wo ọwọ́ rẹ̀ tó kọ nọ́ńbà sí. Àbúrò kò wò mí, ó ń kó bébà rẹ̀ jọ, ó tò wọ́n, ó tún wọn tò.

Lẹ́tà dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Wọ́n gbà pé akadẹ́míìkì ni àwọn mẹ́ta yòókù. Ṣùgbọ́n nítorí pé òfin àwọn olùkọ́ ni wọ́n wá bọ́ sí, àbúrò àti ọkùnrin kátálọ́ọ̀gù á bẹ̀rẹ̀ ọdún ìdánwò wọn láti ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n á sì kọ ìwádìí sí i kí kọnfamẹ́ṣọ̀n tó dé. Tèmi wà lọ́tọ̀. Wọ́n ní níwọ̀n bí mo ti fi ọwọ́ ara mi fi hàn pé òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì ni mí, òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì ni mo jẹ́. Àti pé níwọ̀n bí rẹ́jísítà mi kò ti ní àbààwọ́n, wọ́n ti ṣe kọnfamẹ́ṣọ̀n mi lójú ẹsẹ̀, títí di ọjọ́ ìfẹ̀yìntì.

Mo ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mẹta. Ohun tí mo ti ń wá láti ọjọ́ igi máńgòrò ló wà lọ́wọ́ mi yìí. Kò sí ohun tí mo tún lè máa bẹ̀rù mọ́, ìyẹn sì dẹ́rù bà mí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, àbúrò kan ilẹ̀kùn yàrá ìwé ìpamọ́. Kò jókòó. Ó kí mi kú oríire, ó sì fi ọkàn kí i.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ̀rù ló bà yín?"

"Ẹ̀rù ló bà mí, ọ̀gá."

"Ẹ ò bá ti sọ," ó wí. "À bá jọ máa buwọ́ lù ú títí lẹ́tà yín á fi dé. À bá ṣe tiwa nígbà mìíràn."

Mo ní kó dárí jì mí. Ó ní kò sí ohun tí òun fẹ́ fi ìyẹn ṣe. Ó ní kí n má dá àwọn ìwé òun padà ná, kí n kà wọ́n tán. Ó jáde.

Lọ́jọ́ ìkẹ́kọ̀ọ́yege, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọ gáùn. Ìyá ọkùnrin kátálọ́ọ̀gù wá láti ìlú wọn, ó ya fọ́tò pẹ̀lú rẹ̀ níwájú ilé ìkàwé, èmi ni mo sì bá wọn di fóònù mú. Àbúrò ní kí n wá dúró pẹ̀lú àwọn. Mo ní kí n kọ́kọ́ yà á dáadáa ná. Mo ti buwọ́ lùwé láàárọ̀ kí wọ́n tó dé.

Yunifásítì ra rẹ́jísítà tuntun fún ẹnu ọ̀nà. Bàbá ṣì ń fi rúlà fa ìlà sí i lójoojúmọ́, ìlà kan ṣoṣo. Nígbà tó kún, ó gbé e wá bá mi. Mo bu òǹtẹ̀ lù ú, mo fún un ní nọ́ńbà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ káàdì rẹ̀. Ààyè kan wà lórí káàdì tí a ti ń kọ orúkọ ẹni tó kọ ìwé. Ti rẹ́jísítà, òfìfo ni mo máa ń fi sílẹ̀. Mo wo inú rẹ̀ láti ojú ìwé àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn bóyá ẹlòmíràn kọ ohunkóhun síbẹ̀. Kò sí. Mo kọ orúkọ mi sí ààyè náà. Ìwé kejì tí mo kọ nìyẹn.